Íǹkì Tí Mo Fi Sàmì Sára Sányán

Ìgò íǹkì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ku díẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Mi ò lè dà á nù, mi ò sì lè fi kọ nǹkan kan mọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí àpótí ìwé mi tí ojú mi bọ́ sí i, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni màá wá rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún ló rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè yé ènìyàn pé ẹ̀rù tó bà mí lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Mo padà sílé wa ní Ìsẹ́yìn láti dúró de lẹ́tà iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Oṣù mẹ́rin kọjá, lẹ́tà kò dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sí pósí-ọ́fíìsì, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ti mọ̀ mí débi pé kí n tó kí i ló ti ń mi orí. Ojú ń tì mí. Mo rò pé gbogbo àdúgbò ló ń ka ọjọ́ mọ́ mi lára. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ka ọjọ́ kankan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí nìyẹn: ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni mo máa ń gbọ́ jù.

Ahunṣọ ni bàbá mi. Òfì rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé. Ìyá mi ti kú kí n tó wọ yunifásítì, nítorí náà àwa mẹ́ta la wà nílé: èmi, bàbá mi, àti ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Nọ́ọ̀sì kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà tí mo dé, ojú bàbá mi ti ń ṣú. Ó ṣì lè hun aṣọ, nítorí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju ojú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ní kí n máa bá òun sàmì aṣọ. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi tó jáde yunifásítì ló ń sàmì fún mi báyìí o."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ti wá di ọ̀gá òyìnbó nìyẹn. Ẹ ní akọ̀wé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sáré wọ inú ilé kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ àmì náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Aṣọ òfì kì í jáde ní fífẹ̀. Ọ̀já gígùn kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ń ti ojú òfì jáde. Bàbá mi á gé e sí ọ̀gbọọgba, aránṣọ á wá rán àwọn ọ̀já náà pọ̀ létí létí kí ó tó di ìró. Bàbá mi kò gbà kí wọ́n kàn ṣà wọ́n rán. Ó ní bí ọwọ́ ènìyàn ṣe le láàárọ̀ kọ́ ló ṣe ń le lọ́sàn-án, pé ọ̀já tí wọ́n hun tẹ̀lé ara wọn ló gbọ́dọ̀ sùn ti ara wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á ká jọ níbì kan. Nítorí náà ló ṣe ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ìdí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ìlà kan sí èkíní, méjì sí èkejì, títí lọ. Tàdáwà, íǹkì dúdú tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ sára wàláà onígi wọn, ló fi ń fà á. Àlùfáà àdúgbò wa ló ń ṣe é, ó ń fi dúdú ìdí ìkòkò àti oje igi ṣe é. Omi tútù lásán ló ń ṣan tàdáwà kúrò lára wàláà. Omi tútù lásán náà ló ń ṣan án kúrò lára aṣọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin kan wá bá bàbá mi láti Àgọ́-Àmọ́dù. Ó gbé igbá olómorí kan lé ẹsẹ̀, ó ṣí i, òwú sányán ló kún inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò. Ó ní ìyá òun ló ran òwú náà, láti ara ilé kòkòrò tí àwọn ọdẹ ń bá a ká nínú igbó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ràn án, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ràn án. Ìyá náà ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni obìnrin yìí bí, wọ́n sì fẹ́ so yìgì ọmọ náà.

Ó ní, "Bàbá, gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ìyá mi nìyí. Mi ò ní òmíràn."

Bàbá mi ti ọwọ́ bọ inú igbá, ó fọwọ́ pa òwú náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sányán tí màá hun kẹ́yìn láyé mi nìyí. Ojú mi kò ní gba òmíràn."

Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi fi hun ún. Ọjọ́ tó gé e sí ọ̀já mẹ́rìnlá, ó ní kí n mú tàdáwà wá. Mo yẹ ìgò rẹ̀ wò, ó ti gbẹ. Ó ní, "Lọ bu òmíràn wá lọ́dọ̀ àlùfáà." Mo mú ìgò, mo dé ẹnu ilé kéú. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ké. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lójúde ibẹ̀ rí mi pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó kígbe pé, "Akọ̀wé! Ṣé kéú ló wá kù báyìí tí o fẹ́ kà?"

Eré ló ń bá mi ṣe. Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin tí mo ti fi dúró de lẹ́tà ti sọ mí di ẹni tí eré ń dùn lọ́kàn. Mo yí padà. Mo wọ yàrá mi, mo sì ṣí àpótí ìwé mi. Ìgò íǹkì kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù tó ṣú, èyí tí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò náà pé ohun tí a bá fi í kọ kò ní parẹ́ láéláé. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe rà á. Mo sọ fún ara mi pé àmì ṣáà ni àmì, mo ki kálàmù tí a fi ń sàmì bọ̀ ọ́, mo sì fa ìlà mi.

Bàbá mi gbé ọ̀já kan sún mọ́ ojú. Ó ní, "Tàdáwà rẹ̀ dúdú dáadáa?"

Mo ní, "Ó dúdú, Bàbá."

N kò purọ́, ó dúdú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé ìdáhùn yẹn kò mọ́, mo sì gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, aránṣọ gbé aṣọ dé. Ó ti di odindi ìró. Ọjọ́ yẹn kan náà ni bàbá mi fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Kòmu, wọ́n ṣòfò ènìyàn. Ọjọ́ Àlàmísì ló ní òun á dé. Àárọ̀ Jímọ̀ ni Ìyá Ìyàwó ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀. Kí bàbá mi tó gun ọkọ̀, ó ní, "Ṣan àmì yẹn kúrò lómi tútù, kí o sá a síbi òjìji. Má fún un o."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá."

Mo bu omi sínú bàsíà, mo ká aṣọ náà sí mẹ́rin, mo rẹ ẹ́ sínú omi bí mo ṣe máa ń rẹ àwọn tó kọjá, mo sì lọ sí pósí-ọ́fíìsì. Lẹ́tà kò dé. Mo rọra rìn padà, mo ń ronú nípa lẹ́tà, n kò ronú nípa aṣọ rárá. Nígbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé, omi inú bàsíà ti di aró.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé omi nìkan ló gbà á. Mo fa aṣọ náà sókè. Íǹkì ti ìdí ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ṣàn pọ̀, ó sì ti gba inú ìṣẹ́po aṣọ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú mẹ́rin ni àbàwọ́n náà jáde sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi, etí wọn ṣú ju àárín wọn lọ.  Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ tí omi bàsíà dá sílẹ̀.

Bàbá mi kò nà mí rí. Ká ní ó máa ń nà mí ni, ẹ̀rù náà ì bá kéré, nítorí pé ẹgba máa ń tán. Bí inú bá bí bàbá mi, ṣe ló máa ń dákẹ́, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé ènìyàn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ nínú igbá òwú yẹn. Mo ń rí obìnrin Àgọ́-Àmọ́dù tó ní òun kò ní òmíràn. Kò sí ọjà tí mo lè sá lọ. Kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀ kó tún un ràn, ẹni tó ràn án ti wà nínú ilẹ̀.

Mo dìde, mo dá iná, mo gbé omi kaná, mo sì wá ọṣẹ. Omi ti ń hó nígbà tí Ìyá Àgbà tẹ̀lé ọ̀pá rẹ̀ jáde. Ó wo iná, ó wo bàsíà.

"Súbùhánálláhì! Ta ló kú sínú aṣọ yìí?"

"Íǹkì ni, Ìyá Àgbà."

"Íǹkì báwo? Ṣé ìwé ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pẹ̀lú ẹkún. Mo sọ ti ìgò tó gbẹ, ti ẹlẹ́kọ, ti ohun tí wọ́n kọ sára ìgò íǹkì, mo sọ bí ó ṣe rí lára mi láti ìgbà tí mo ti ń dúró de lẹ́tà.

Ó ní, "Dákẹ́ ná. Mi ò bi ọ́ léèrè ìgbésí ayé rẹ. Omi wo lo ń kaná yìí?"

"Mo fẹ́ fi fọ̀ ọ́ ni."

"Gbé e sọ̀ kíá! Omi gbígbóná á sè é mọ́ ọn lára. Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni? Kí ni wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ ní ibi tí o lọ yẹn?"

"Ìtàn ni mo kọ́."

"Ìtàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Wàá rí èyí pa fún bàbá rẹ ní ọjọ́ Àlàmísì."

Ó ní kí n máa fi omi tútù ṣan aṣọ náà láì dáwọ́ dúró. Mo ṣàn án títí di àsìkò àlàásárì. Omi náà mọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ojú mẹ́rin náà kò mọ́. Mo ta aṣọ sára okùn níbi òjìji, ojú mẹ́rin sì ń wò mí láti orí okùn. N kò jẹun. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dún lójú pópó, mo máa ń rò pé bàbá mi ló ti yí èrò padà tó ń bọ̀.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa rí mi. Ènìyàn rere ni, kì í lè rí ẹni tó ń sunkún kó kọjá lọ. Ó gbé ìgò kan wá, omi olóòórùn líle ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù.

Ó ní, "Àbúrò mi, nu ojú rẹ. Omi yìí ń bó ẹ̀jẹ̀, ó ń bó íǹkì. Bí a bá dà á sí i báyìí, kí agogo tó lù mẹ́wàá, ó ti tán."

Mo fẹ́ gbà á. Ọwọ́ mi ti di bàsíà mú. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ọgbọ́n, ẹ̀rù ni. Mo rántí pé òwú díẹ̀ ṣẹ́ kù. Àṣà bàbá mi ni pé òwú oníbàárà tó bá kù, bó ti wù kó kéré tó, gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òwú náà wà nínú bébà lábẹ́ òfì, kò tóbi ju obì kan lọ. Mo ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òwú dán an wò." Mo já ìwọ̀n apá kan nínú rẹ̀, a fi í sínú ife, ó da omi náà lé e.

A dúró. Òwú náà di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tó ní ibà. Nígbà tí mo fi ìka méjì gbé e sókè, ó já. Kò dún rárá. Mo tún gbé èyí tó kù, ó já nínú ọwọ́ mi bí òwú aláǹtakùn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Jésù! Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo dà sí i o."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lánàá, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí aburú ṣẹlẹ̀, mo wà ní pósí-ọ́fíìsì. Lónìí, ó kù díẹ̀ kí n fi ọwọ́ ara mi sọ odindi ìró di ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ife. Nọ́ọ̀sì dì mí mú ní èjìká.

Ìyá Àgbà ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá bàbá rẹ ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ní ẹ̀wù kan tí íǹkì kò sí lápò rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nónò kíkan, wàrà olómi àwọn Fúlàní, ni mo fi ń parí rẹ̀."

Mo yíjú sí i. "Ìyá Àgbà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti àná?"

Ó ní, "Òwú funfun ni ẹ̀wù tirẹ̀. Mi ò mọ bí sányán á ṣe gbà á. Ṣé ìwọ nìkan ni ẹ̀rù ń bà ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó tù mí nínú, ṣùgbọ́n ṣe ló dá kún ẹ̀rù mi. Mo ti rò pé bí àgbà bá ti wà nílé, ẹnì kan wà tí ẹ̀rù kò bà.

A fi òwú dán ọsàn wẹ́wẹ́ wò. Òwú náà kò já. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé. Nónò ni mo ní láti wá. Mo sáré jáde sójú ọ̀nà Ṣakí, níbi tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbà wọ ìlú. Mo bá ọ̀kan tó gbé igbá lórí.

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀. Nónò ni mo fẹ́, èyí tó kan jù."

Ó gbé igbá sọ̀. "Gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní èyí tí kò kan. Ìwọ ń wá èyí tó kan. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi fọ aṣọ ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin Yorùbá! Ọṣẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń mu ún?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bu nónò fún mi. Ó bu ènì kún un dáadáa. Ó lè jẹ́ pé àánú mi ló ṣe é.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Mo tẹ́ aṣọ sórí ẹní níbi òjìji. Mo fún omi ọsàn sí ojú kan, mo wọ́n iyọ̀ lé e, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò ha án. Mo ka ọgọ́rùn-ún, mo fi omi tútù ṣàn án, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, etí ojú náà tó ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Dúdú rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n búlúù kù síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà ní kí n dáwọ́ ọsàn dúró kó má bàa jẹ òwú. Mo to àwo mẹ́rin, mo bu nónò sínú wọn, mo sì rọra fi ojú kọ̀ọ̀kan sínú àwo tirẹ̀. Eṣinṣin bò wá. Ìyá Àgbà mú abẹ̀bẹ̀, ó ń lé wọn, ó ń bú wọn bí ènìyàn.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tí mo fi í sínú nónò, ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé aṣọ sókè, nónò ti ní búlúù díẹ̀ nínú. N kò jẹ́ kí inú mi dùn, mo bẹ̀rù pé bí inú mi bá dùn, yóò dúró síbẹ̀. Mo da nónò yẹn nù, mo bu òmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán Àlàmísì, ojú mẹ́ta ti lọ pátápátá. Ẹ̀kẹrin wà nítòsí etí aṣọ, ó ti kéré dé ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ó rẹ́súrẹ́sú bí èéfín. Ìyẹn kọ̀ láti lọ. Mo tún na ọwọ́ sí ọsàn, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá lù mí lọ́wọ́.

"Ó tó. Bí o bá tún fọ̀ ọ́, òwú á gbó níbẹ̀, ihò ni wàá fún wọn. Àbàwọ́n sàn ju ihò lọ."

Mo fi omi tútù ṣan aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì sá a.

Lẹ́yìn àlàásárì ni bàbá mi dé. Ó wẹ ẹsẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí n gbé sányán náà wá. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa á láti etí kan dé èkejì, bó ṣe máa ń pa gbogbo aṣọ tó bá hun. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Kí ló ń rùn bí gàá màlúù yìí?"

 Ó gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ibi tí àbàwọ́n wà gba iwájú ojú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ó mọ́ tónítóní. Ìdí rẹ̀ kò ní àmì kankan mọ́."

Kò rí i. Ojú rẹ̀ kò gbé e. Ìyá Àgbà wò mí. Mo lè dákẹ́. Mo fẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo ronú nípa rẹ̀, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Mo ti ro ohun tí màá sọ nípa òórùn nónò, pé mo da oúnjẹ sí i. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé Ìyá Ìyàwó kò fọ́jú. Yóò rí i lọ́la, bàbá mi yóò sì jókòó síbẹ̀, á máa búra pé aṣọ mọ́, nítorí pé èmi ni mo jẹ́ ojú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti òwú tó já nínú ife pẹ̀lú.

Bàbá mi dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ Àtàláátà ló dé yẹn. Mo gbọ́ tí adìẹ ń tan ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sí mi.

"Fi lé ibẹ̀."

N kò lóye rẹ̀.

"Ibi tó kù. Fi ìka mi lé ibẹ̀."

Mo di ìka rẹ̀ mú, ó gbẹ, ó sì le, mo fi lé ojú àbàwọ́n náà. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó lè gbọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ó ní, "Òwú rẹ̀ kò gbó. Bó ṣe le nígbà tí mo hun ún náà ló ṣì le." Ó ká aṣọ náà. "Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un lọ́la. Èmi kò ní bá ọ sọ ọ́."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Ìyàwó dé pẹ̀lú ìbòrí funfun lórí. Bàbá mi kí i, ó sì yíjú sí òfì. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀, mo nàka sí i kí ó tó wá a. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ní "ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé àlàyé, títí ó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó, ọmọ mi. Mo ti gbọ́." Ó tẹjú mọ́ ibẹ̀. "Èyí ni ìkọ̀wé tí ẹ lọ kọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ró aṣọ náà mọ́ra lórí èyí tó wọ̀, ó yí i, ó tún un ró. Lọ́nà kejì, etí tí àbàwọ́n wà bọ́ sínú, kò hàn síta mọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ìdí aṣọ náà.

Ó ní, "Báyìí ni ọmọbìnrin mi máa ró o. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i." Ó tú u, ó ká a, ó sì fi í sínú igbá olómorí tí òwú wà nínú rẹ̀ nígbà kan. "Ṣùgbọ́n èmi á máa mọ̀."

Ó gba òwú tó ṣẹ́ kù náà, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wo bó ṣe kéré tó. Ó kí bàbá mi fún iṣẹ́, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ. Ó kí Ìyá Àgbà. Ó kọjá lára mi, ó sì fọwọ́ kàn mí lórí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni, tàbí ó kàn ń wá ibi tí yóò dì mú kó tó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn wa tó ti wó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá mi na ọwọ́ sábẹ́ òfì, ó mú ìgò tàdáwà tó gbẹ, ó gbé e síwájú mi. Aṣọ funfun kan ti kúrò lójú òfì tó yẹ ká sàmì rẹ̀.  Mo mú ìgò náà, mo sì lọ.

Ẹlẹ́kọ wà lójúde. Ó ní, "Akọ̀wé, o tún ti dé!" Mo ní, "Mo ti dé, mà. Ẹ kú ọjà." Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí àlùfáà láàárín àwọn ọmọ kéú, mo gbé ìgò fún un. Búlúù ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, mo rí i pé ó rí i. Bóyá Ìyá Àgbà ti sọ fún un, mi ò mọ̀. Ó bu tàdáwà kún ìgò náà, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e fún mi. Ó fa wàláà kan mọ́ra, ó ki kálàmù bọ tàdáwà, ó kọ lẹ́tà kéú kan ṣoṣo sí i, ó fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. Ó wá da omi ife lé e. Dúdú náà ṣàn lọ sínú àwo, igi wàláà sì mọ́ bí ẹni pé a kò kọ nǹkan kan sí i rí.

Ó ní, "O rí i? Ó ti lọ."

Mo wo wàláà náà. Mo fi ìka kan ojú rẹ̀, ó tutù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àlùfáà, ẹ tún ṣe é kí n rí i."